Àdó Tó Wà Lẹ́yìn Dígí

Fèrèsé kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ló wà, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ní Òkè-Ìlá. Ẹni tó bá jí wá pọnmi ní agogo mẹ́fà àárọ̀ lè rí inú yàrá ìyàwó kékeré bí atẹ́gùn bá gbé kọ́tìnnì. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, atẹ́gùn gbé e. Adéfúnkẹ́, ìyáálé ilé náà, gbé korobá sábẹ́ ẹ̀rọ, ó gbójú sókè, kò sì lè gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.

Moyọ̀sọ́rẹ ló rí. Ó kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn dígí ara ògiri, ó sì mú àdó kan jáde, àdó dúdú kékeré tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ó ṣí i. Ó da nǹkan funfun sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka kà á, mẹ́rin. Ó pajú dé, ètè rẹ̀ ń mì. Ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó fi omi lé e, ó sì rọra dá àdó padà sí ibi tó ti mú un.

Omi kún korobá, ó ń dà sílẹ̀, ó ti rin Adéfúnkẹ́ lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Kò mọ̀.

"Ẹn-ẹ́n," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ibi tó ti ń rí dídán rẹ̀ rèé."

Kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, ẹ gbọ́ tirẹ̀ ná. Akínbọ́lá, àkọ́bí ilé náà, ló fẹ́ ẹ láti ọdún mẹ́rìnlá. Ó ti bí ọmọ mẹ́ta, Olúwatóbi ni àgbà wọn, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta mílíìkì àti bisikíìtì ní Fájuyì. Moyọ̀sọ́rẹ ní tirẹ̀ jẹ́ ìyàwó Ọládayọ̀, àbúrò Akínbọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, tí kì í wálé àfi ọjọ́ Jímọ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́rin nílé ọkọ, kò tíì gbọ́ igbe ọmọ. Bí a bá ní ká ṣírò ẹ̀, Adéfúnkẹ́ ló yẹ kí wọ́n máa jowú. Ṣùgbọ́n owú kì í ka ohun tó wà lọ́wọ́ olówú, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló máa ń kà.

Ó lé ní ọdún kan sẹ́yìn, Moyọ̀sọ́rẹ rù kan egungun. Ó ń jẹun bí àgbẹ̀, kò sì rí i lára. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé tíì ń dà nínú kọ́ọ̀bù, ó sì ń làágùn nínú ọyẹ́. Nígbà yẹn, Adéfúnkẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Òun ló ń bu ẹ̀bà kún un, òun ló ń gbàdúrà fún un. Àánú kì í ṣòro fún wa bí a bá ti mọ̀ pé a fi ẹwà ju ènìyàn lọ.

Àfìgbà tí ẹran ara bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, awọ ara jọ̀lọ̀. Wọ́n fi Moyọ̀sọ́rẹ ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ìwé. Màmá, ìyá ọkọ wọn, tó jẹ́ pé "Fúnkẹ́ dà?" ni orin rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wá di "Ẹ bá mi pe Moyọ̀." Adéfúnkẹ́ mú gbogbo ìyẹn mọ́ra. Èyí tí kò lè mú mọ́ra ni ọ̀rọ̀ tí Akínbọ́lá, ọkọ tirẹ̀, sọ lórí oúnjẹ lọ́jọ́ kan. Ó bu ọkà sẹ́nu, ó ní, "Ara ìyàwó Dayọ̀ mà ti wá ń dán o." Ó sì tún bu òmíràn.

*

Ohun tó wà nínú àdó náà kì í ṣe ohun àràmàǹdà kankan. Oògùn ọsibítù ni.

Dókítà Àlàbí ti ṣàlàyé fún Moyọ̀sọ́rẹ. Ẹ̀yà ara kan wà nínú ọrùn, níwájú gògóńgò. Tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ, òun ló ń mú kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì, òun ló ń sun ẹran ara rẹ̀ bí igi ìdáná. Oògùn yìí ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Oṣù méjìdínlógún," dókítà ní. "Lójoojúmọ́. O ò gbọdọ̀ dá a dúró torí pé ara ti yá. Bó o bá parí ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ sì dára, a ó wá sọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Kó tó dìgbà yẹn, má dán an wò."

Ó tún na ìka sí i. "Gbọ́ èyí dáadáa. Ọjọ́kọ́jọ́ tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn ọ́, tí ibà sì wà lára rẹ, má lo oògùn yìí mọ́. Má dúró de àárọ̀. Sáré wá."

Ó ti lo oṣù mẹ́rìnlá. Ó ku mẹ́rin. Ó ń kà á lórí kàlẹ́ńdà ìjọ bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí ọlidé. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀, Màmá kò mọ̀. Ìdí ni pé nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ìdílé kí wọ́n tó fẹ́ ẹ, Màmá fúnra rẹ̀ ló wá sí Ìgèdè, ó jókòó síwájú ìyá Moyọ̀sọ́rẹ, ó sì bi í léèrè: ṣé kò sí warápá níbí? Kò sí. Ṣé kò sí wèrè? Kò sí. Ṣé kò sí gẹ̀gẹ̀? Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀, ó ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà tó bí ìyá rẹ̀ gbé gẹ̀gẹ̀ wọ sàréè, ó tóbi tó àgbọn.

Àdó náà, ti ìyá àgbà yẹn ni. Áṣáà ló ń kó sínú rẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ máa ń ju páálí oògùn nù sílé ìwé, kí ẹnikẹ́ni má baà ka orúkọ oògùn tó wà lára rẹ̀, yóò wá da oògùn sínú àdó. Ó rò pé kò sẹ́ni tó máa ṣí àdó áṣáà wò. Ó mọ ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí ojú ṣe ń rí àdó ní ilẹ̀ wa.

*

Ìyá Ọmọ́níyì ń ta ewé àti egbò ní ìkángun Ọjà Ọba, níbi tí oòrùn kì í dé. Ọ̀sán gangan ni Adéfúnkẹ́ lọ, síbẹ̀ ó ní láti dúró díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó mọ òkùnkùn ibẹ̀. Alángbá kan dorí kodò lára ògiri. Kò mi orí bí alángbá ṣe ń mi orí. Ó kàn ń wò ó ni.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Má kí mi," ni ìyá náà wí, kò gbójú sókè nínú ewé tó ń ṣà. "Ẹni tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá kì í kí ènìyàn."

Adéfúnkẹ́ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó fẹ́ padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ni ó bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: àdó, dígí, nǹkan funfun, ètè tó ń mì.

"Ṣé ó ń kà á?"

"Ó ń kà á. Mẹ́rin ni."

"Ẹni tó ń ka oògùn kó tó lò ó, ó mọ ohun tó ń ṣe." Ìyá Ọmọ́níyì fi ewé kan sí imú, ó jù ú nù. "Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ dà á nù."

"Dà á nù kẹ̀? Ṣé orí rẹ pé? Nǹkan tó sọ egungun di ẹran, ìwọ fẹ́ dà á sí gọ́tà?" Ó wá gbójú sókè. Ojú rẹ̀ kan funfun, èkejì ń wo ibòmíràn. "Irú nǹkan yẹn kò mọ ẹni tó ra òun. Ẹni tó bá gbé e mì ló mọ̀. Gbé e mì. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ jẹ́ kí àdó ṣófo nínú ulé. Ọjọ́ tó bá ṣófo ni olóhun yóò mọ̀. Wá ohun tó jọ ọ́, kó o fi dí i. Ọjọ́ tó o bá sì kọ́kọ́ lò ó, má jẹ́ kó ṣáájú kí ọ."

Nígbà tí Adéfúnkẹ́ ń jáde, ó bojú wẹ̀yìn. Alángbá náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

*

Ìyàwó kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyáálé. Àṣà ilé náà nìyẹn. Ìyàwó tó bá fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá rẹ̀ nígbà tí ìyáálé wà nílé, olè ló ń pe ẹbí ọkọ. Nítorí náà, nígbà tí Moyọ̀sọ́rẹ lọ síṣẹ́, Adéfúnkẹ́ kàn fọwọ́ ti ilẹ̀kùn ni, ó wọlé.

Ó bá ara rẹ̀ pàdé nínú dígí. Ó bojú kúrò. Ó da hóró inú àdó sínú agolo mílíìkì, ó sì fi fítámì tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ máa ń lá dípò rẹ̀, funfun sí funfun, kékeré sí kékeré. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Moyọ̀sọ́rẹ fi yọ, ó sì tètè sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, ṣé o jí ire?"

"Ẹ mà jọ̀ọ́, Mọ́mì Tóbi, ẹ ti ṣáájú mi. Ẹ káàárọ̀ mà." Moyọ̀sọ́rẹ kúnlẹ̀.

Adéfúnkẹ́ wọlé, ó gbé márùn-ún mì. Bí tìyẹn bá ń lo mẹ́rin, òun ni ìyáálé.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Bùbá kò gbà á mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Fájuyì ní, "Ìyá Tóbi, owó ń wọlé nìyẹn o!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí Moyọ̀sọ́rẹ tún kó oògùn tuntun sínú àdó lóṣù tó tẹ̀ lé e, Adéfúnkẹ́ tún pààrọ̀ rẹ̀.

*

Ẹfun já mọ́ Moyọ̀sọ́rẹ lọ́wọ́ níwájú pátákó. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà já. Àwọn ọmọ kíláàsì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti mọ gbígbọ̀n yẹn, bí ènìyàn ṣe ń mọ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń bà á lẹ́rù.

Àyà rẹ̀ ń lù lórí ìjókòó. Oúnjẹ ń wọlé, ẹran ń jáde. Ó ń ka oògùn rẹ̀ láràárọ̀, kò fo ọjọ́ kan.

Dókítà Àlàbí wo ìwé àyẹ̀wò, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyáàfin, ẹ̀jẹ̀ yín ní ẹ ò lo oògùn."

"Mo ń lò ó."

"Láti ìgbà wo lẹ ti dá a dúró?"

"Dókítà, mo ń lò ó! Mo fi Ọlọ́run búra."

Ó wò ó bí Moyọ̀sọ́rẹ náà ṣe máa ń wo ọmọ ilé ìwé tó ní ajá jẹ ìwé iṣẹ́ òun. Ó fi kún oògùn náà, ó sọ ọ́ di mẹ́fà lójúmọ́, ó ní, "Bó bá rí báyìí, a ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni."

Láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sunkún nínú ọkọ̀ láti ọsibítù dé Òkè-Ìlá. Nígbà tó wọ yàrá, ó rí i pé dígí wọ́ díẹ̀. Ó tún un ṣe. Ó dúró, ó tún wò ó. Kò rántí pé òun fi í sílẹ̀ ní wíwọ́.

Níta, àwọn ọmọ Adéfúnkẹ́ ń ṣeré, wọ́n ń pariwo. Ó gbọ́ tí èyí tó kéré jù ń pe "Mọ́mì, Mọ́mì," inú sì bí i. Ẹ má ṣe rò pé owú wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú ilé yẹn.

Ó pe ìyá rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ dígí náà fún un. Ìyá rẹ̀ dé láti Ìgèdè lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú iṣu àti okùn kan, dúdú àti funfun tí wọ́n lọ́ pọ̀.

"Mọ́mì, oògùn ọsibítù ni mò ń lò o. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí."

"Mo mọ̀. Èmi náà, Áńgílíkà ni mí." Ìyá náà ń lọ́ okùn mọ́ ọrùn àdó bó ti ń sọ̀rọ̀. Ìgbà méje. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ti ìyá àgbà tó ti kú. "Ọ̀fun ni ọ̀nà oúnjẹ, ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀rọ̀. Ohun tí olè bá fi ọ̀fun gbé, ọ̀fun náà ni yóò fi dá a padà."

Òórùn áṣáà gba inú yàrá. Ó tó ogún ọdún tí áṣáà ti wọ inú àdó yẹn gbẹ̀yìn.

*

Adéfúnkẹ́ rí okùn náà lọ́jọ́ Ajé, ó sì fò sẹ́yìn.

Ara rẹ̀ kò rí bó ti fẹ́ mọ́. Kíkún ara ti di wíwú. Oorun ń gbé e lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà ń jí i. Gbogbo ènìyàn ń fi ìwé fẹ́ ara wọn nínú ooru, òun wọ súwẹ́tà. Ohùn rẹ̀ ti ki. Ní ọrùn, níbi tí ẹ̀gbà tí Akínbọ́lá rà fún un máa ń wà, nǹkan kan ń yọ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbà náà kò so mọ́.

Ọlọ́gbọ́n ì bá dá a dúró. Ṣùgbọ́n ó ń rí Moyọ̀sọ́rẹ lójoojúmọ́, ó ń rí i tí egungun èjìká tún ń yọ, tí ọwọ́ tún ń gbọ̀n. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, mo ti gbà á. Ó kù díẹ̀ kó tò lára mi ni.

Ó tún padà sọ́dọ̀ Ìyá Ọmọ́níyì. Ìyá náà gbọ́ ọ̀rọ̀ okùn, kò rẹ́rìn-ín. "Ó ti mọ̀ pé ènìyàn ń wọlé. Ó ti dè é." Ó ka ataare méje sí i lọ́wọ́. "Jẹ èyí kó o tó tú u. Tú u láti apá òsì. Lọ́ ọ padà bó o ṣe bá a." Ó ti ewé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màá sọ òótọ́ fún ọ. Ẹni tó di okùn yẹn ju uṣẹ́ mi lọ. Bó o bá lè fi í sílẹ̀, fi í sílẹ̀."

Ó lè fi í sílẹ̀. Ó délé lóòótọ́ pẹ̀lú ọkàn pé òun máa fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bá Màmá lórí àga ìta, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó ọsàn fún Moyọ̀sọ́rẹ. "Jẹun, ọmọ mi. O tún ti ń rù." Ọdún mẹ́rìnlá, Màmá kò bó ọsàn fún Adéfúnkẹ́ rí.

Ó jẹ ataare láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó tú okùn, ó kó gbogbo hóró tuntun, ó fi fítámì rọ́pò wọn, ó sì gbé mẹ́jọ mì lẹ́ẹ̀kan. Bó ti ń lọ́ okùn padà, ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó ní ataare ni.

*

Ọjọ́ kẹta, kò lè gbé itọ́ mì. Ibà gbé e dè. Wọ́n fi omi iyọ̀ gbígbóná fún un, wọ́n fi òróró àdúrà ra á lọ́rùn. Akínbọ́lá gbé e lọ sí kẹ́místì, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ibà, ó tún le sí i. Àwọn ẹgbẹ́ àdúrà ní kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè ní ọ̀sán Sátidé. Ọ̀sẹ̀ kan ni kó lò níbẹ̀, láìjẹ, láìmu.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, Moyọ̀sọ́rẹ ka mẹ́fà sọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, kọ́ọ̀bù bọ́, omi dà nù, oògùn sì dúró sórí ahọ́n rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Ó ń kan. Ó sì ń dùn.

Ó tu ú sọ́wọ́. Ó da gbogbo àdó sórí ibùsùn, ó lá òmíràn. Fítámì ọmọdé. Àbíkẹ́yìn Adéfúnkẹ́ nìkan ló ń lá a nínú ilé yẹn, Moyọ̀sọ́rẹ fúnra rẹ̀ ló sì máa ń ṣí ìgò rẹ̀ fún un.

Nígbà náà ló gbọ́ ohùn Màmá láti pálọ̀: "Ẹ tètè! Ọ̀fun ti dí! Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́!"

Moyọ̀sọ́rẹ wo okùn dúdú àti funfun lọ́rùn àdó. Ohùn ìyá rẹ̀ padà sí i létí: ọ̀fun náà ni yóò fi dá a padà. Ó ti ṣẹ. Ó ti mú un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó rò, nítorí ó rò ó. Ó rò pé, kó kú. Ó rò pé, oṣù mẹ́rìnlá mi, ọmọ mi tí n kò tíì lóyún, obìnrin yìí tó ní mẹ́ta ló gbé e mì. Bí òun bá jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á gbé e lọ sórí òkè, kò sẹ́ni tó máa mọ ohunkóhun láyé. Àṣírí gẹ̀gẹ̀ á wà níbi tó wà. Ó jókòó. Adùn fítámì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n ń sún ọkọ̀ sẹ́yìn ní àgbàlá.

Ọjọ́kọ́jọ́ tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn ọ́, tí ibà sì wà lára rẹ. Má dúró de àárọ̀.

Ó dìde.

*

Wọ́n ti gbé Adéfúnkẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ bó. Nígbà tó rí Moyọ̀sọ́rẹ pẹ̀lú àdó lọ́wọ́, ó fẹ́ kígbe, kìkì èémí ló jáde.

"Mọ́mì Tóbi, ẹ wò mí. Mélòó lẹ ń lò lójúmọ́?"

"Oògùn kí ni?" ni Akínbọ́lá wí. "Ìyàwó, yà lọ́nà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò ní yà. Mọ́mì Tóbi, mélòó?"

Adéfúnkẹ́ wo okùn ọrùn àdó. Omijé ń bọ́. Ó gbé ìka mẹ́jọ sókè.

Màmá sún mọ́ àdó náà, ó fi ìka tọ́ ọ. "Moyọ̀, kí lo kó sí ulé mi?"

Ohun tó ti pa mọ́ fún ohun tó lé ní ọdún kan wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e jáde. "Oògùn gẹ̀gẹ̀ ni, Màmá. Èmi ni mo ni ín. Ó wà nínú ẹbí wa. Ìyá mi purọ́ fún yín. Mọ́mì Tóbi ti ń jí i lò, ó ti pa ohun tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí ẹ bá gbé wọn lọ sórí òkè, òkú lẹ máa gbé sọ̀kalẹ̀. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ, ẹ ṣàánú mi."

Nínú ọkọ̀, orí Adéfúnkẹ́ wà lórí itan rẹ̀, ó gbóná bí ìkòkò. Bí wọ́n ti ń kọjá Fájuyì, Moyọ̀sọ́rẹ fi eyín já okùn kúrò lọ́rùn àdó, ó sì jù ú sí títì láti ojú fèrèsé. Obìnrin tí kò gbé itọ́ mì láti ọjọ́ mẹ́ta gbé itọ́ mì. Moyọ̀sọ́rẹ kò sọ èyí fún dókítà.

*

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi Adéfúnkẹ́ sí yàrá òun nìkan, tí ẹni tó bá fẹ́ wọlé á bo imú bo ẹnu. Dókítà Àlàbí ní wákàtí díẹ̀ sí i, kì bá tí sí nǹkan tí òun lè ṣe. Ó ní oògùn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀: nínú ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, bóyá ẹnì kan. Nígbà tí ìyá Moyọ̀sọ́rẹ gbọ́, ó ní, "Ẹnì kan náà ni mo sì wí."

Ọjọ́ kejìlá, Moyọ̀sọ́rẹ gbé ọ̀gì lọ fún un. Adéfúnkẹ́ kọ́kọ́ kọjú sí ògiri.

"Mo rò pé o ní nǹkan tí èmi ò ní ni," ó wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ ṣì ki.

"Mo ní i, Mọ́mì Tóbi. Àìsàn ni."

Ó bu ọ̀gì, ó fi sí i lẹ́nu. Inú ṣì ń bí i. Ó ń bí i títí dòní.

Ọládayọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tó wálé, ó bínú ọjọ́ méjì nítorí pé wọ́n fi pa mọ́ fún un, ó sì padà sí Àkúrẹ́. Ti Màmá ló ń ba Moyọ̀sọ́rẹ lẹ́rù jù. Màmá kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Moyọ̀sọ́rẹ gba oògùn tuntun, ó fi í sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ oògùn náà lórí rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì pálọ̀, níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yìn dígí ṣófo.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé Adéfúnkẹ́ dé láti ọsibítù, Màmá pe Moyọ̀sọ́rẹ síta. Ó mú un jókòó.

"Oṣù mélòó ni dókítà rẹ wí?"

"Méjìdínlógún, Màmá. Wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Màmá fi ìka ara rẹ̀ kà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ìka rẹ̀ fi tán. "Ẹ̀wá," ó ní. "Mú tìrẹ wá." Ó gba ọwọ́ Moyọ̀sọ́rẹ, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó ń ka ìka rẹ̀ lọ. Nígbà tó ka mẹ́jọ tán, kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó dì í mú títí gbígbọ̀n náà fi rọ̀.

Adéfúnkẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú súwẹ́tà, aṣọ wé ọrùn rẹ̀ tó wú. Ó wò wọ́n. Ó wo ọwọ́ Màmá lórí ọwọ́ ìyàwó. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí inú òun dùn, ó sì gbìyànjú. Ṣùgbọ́n nǹkan àtijọ́ yẹn yí padà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ báyìí.

Ó gbé itọ́ mì. Ọ̀fun rẹ̀ dùn ún.